Bí Ilé Iṣẹ́ Kékeré Ṣe Lè Gba Àmì Ẹ̀yẹ Ológun Nílùú Ọba

Ìwé líìfù, ìyẹn ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń gba ìsinmi, ló tú àṣírí. Èmi ni mo ń bójú tó ọ́fíìsì nílé iṣẹ́ kan tó ń gé irin ní Medway, ní Kent. Alumíníọ̀mù àti irin tí kì í dípẹtà la máa ń gé sí ẹ̀yà wẹ́wẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ohun èlò fún ológun ló sì ń rà á lọ́wọ́ wa. Tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí là ń ṣe gan-an, nọ́ọ̀tì àti bóòtù ni mo máa ń sọ, torí ohun tó yé mi níbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ tèmi ni owó oṣù, fáìlì òṣìṣẹ́, àti kí n rí i pé tíì àti ṣúgà ò tán. Gbogbo wa níbẹ̀ ò tó ogójì.

Ọmọkùnrin kan wà nídìí ẹ̀rọ, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló máa ń gbà pa pọ̀ lọ́dọọdún. Tó bá dé, á máa tiro. Ta ló ń lọ sinmi tó ń tiro bọ̀? Mo pè é sídìí tábìlì mi lọ́jọ́ kan.

"Ṣé kò sí o? Ibo lo máa ń lọ ná?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Aunty, ẹ má bínú. Mo wà ní Army Reserve, àwa tá à ń ṣe ṣọ́jà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ wa. Kám̀pù la máa ń lọ."

"Líìfù ẹ lo wá ń lò fún kám̀pù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọdún kẹta rèé tí mi ò gbé ìyàwó mi jáde lọ síbì kankan."

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé àmì ẹ̀yẹ kankan wà lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń rajà lọ́wọ́ wa fi ìwé ìbéèrè gígùn kan ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń ní ká kọ ká tó lè gba kọ̀ntíráàtì tuntun. Láàárín ìbéèrè nípa iná, omi àti ìmọ́tótó, wọ́n bi wá pé: ṣé ẹ ti fọwọ́ sí Armed Forces Covenant? Ipele wo lẹ wà nínú Employer Recognition Scheme? Covenant yẹn ni ìwé ìlérí láti ṣe dáadáa sí àwọn ológun àti ìdílé wọn, Scheme yẹn sì ni àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba ń fún agbanisíṣẹ́ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa wo ojú mi, èmi náà wo ojú ẹ̀. "Kò sí" la kọ síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bá a ṣe kúrò ní "kò sí" débi àmì ẹ̀yẹ fàdákà, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan tá a ṣubú lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó ní ilé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó àti ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ pọ̀ gan-an nílùú yìí. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ń gé irin. Ẹnikẹ́ni tó bá gbéèyàn síṣẹ́ ló lè gbà á.

Ohun tí wọ́n ń wò

Ọdún 2014 ni ìjọba Ìlú Ọba dá Employer Recognition Scheme yìí sílẹ̀, Ministry of Defence, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ológun, ló sì ni ín. Ipele mẹ́ta ló ní: idẹ, fàdákà àti wúrà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí pé a ń ta ọjà dáadáa fún ológun ni wọ́n ṣe ń fúnni. Rárá o. Èèyàn ni wọ́n ń wò. Báwo lẹ ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ yín tó wà ní Reserve, sí ẹni tó ti ṣe ṣọ́jà rí, sí ìyàwó tàbí ọkọ ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àti sí àgbàlagbà tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ cadet, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìṣe ológun? Ọ̀wọ́ mẹ́rin yìí ni wọ́n máa ń bi yín léèrè.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, ẹ mọ iye irú wọn tẹ́ ẹ ní. Mo kọ ìwé kékeré kan, mo fi sínú àpò owó oṣù kálukú: tó o bá wà nínú ọ̀wọ́ mẹ́rin yìí, tó o sì fẹ́ ká mọ̀, wá sọ fún mi. Mo fi "tó o bá fẹ́" síbẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi dandan mú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbì kankan láìgbàṣẹ. Àwọn kan ní ìdí tí wọn ò fi ń sọ ọ́.

Ẹnu yà mí sí iye tó jáde. Bàbá òyìnbó tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù nínú ilé iṣẹ́ wa ti ṣe ṣọ́jà rí ní ẹ̀ka Royal Engineers, ní bárékè Brompton tó jẹ́ pé téèyàn bá wọ bọ́ọ̀sì látọ̀dọ̀ wa, kò ní pẹ́ débẹ̀. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń mu tíì, kò sọ ọ́ rí. Bàbá àgbà mi náà nìyẹn. Bọ́mà ló lọ nígbà ogun Hítílà, ohun kan ṣoṣo tá a sì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ nípa ibẹ̀ títí tó fi kú ni pé òjò ibẹ̀ kì í dá. Àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà kì í sábà sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa béèrè.

Idẹ

Idẹ ò le. Ẹ ó lọ sórí ìkànnì Armed Forces Covenant, ẹ ó rí ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́, ẹ ó fi orúkọ yín sí i, ẹ ó wá mú nínú àwọn ìlérí tó wà níbẹ̀ èyí tẹ́ ẹ lè ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nídìí májẹ̀mú yìí: pé ẹni tó jẹ́ ológun àti ìdílé rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pàdánù ohun tí aráàlú yòókù ń rí gbà nítorí iṣẹ́ ológun, àti pé nígbà míì ó yẹ ká ṣe ju bó ṣe yẹ lọ fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti ìdílé àwọn tó kú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má ṣèlérí púpọ̀. Mẹ́rin péré ni tiwa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó fi àmì sí gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, títí kan pé òun á máa dín owó kù fún àwọn ológun, nígbà tó jẹ́ pé ọ́fíìsì báńkì ló ń fọ̀. Ta ló fẹ́ dín owó kù fún? Ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ náà ni wọ́n á fi bi yín lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀gá yín pátápátá ló máa fọwọ́ sí i. Tí ìyẹn bá ti parí, tẹ́ ẹ sì ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ṣe tán láti gba àwọn èèyàn wọ̀nyí síṣẹ́, idẹ á tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gbà á fún owó báyìí báyìí, ẹ pa fóònù.

Fàdákà, àti ibi tá a ti ṣubú

Ọ̀tọ̀ ni fàdákà. Fún idẹ, ẹ̀ ń sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Fún fàdákà, ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní ó kéré tán ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ láti inú ọ̀wọ́ tẹ́ ẹ fi ń yangàn. Tẹ́ ẹ bá ní àwọn ọmọ Reserve lẹ̀ ń ràn lọ́wọ́, ọmọ Reserve kan gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé owó oṣù yín.

Ọdún tá a kọ́kọ́ gbìyànjú, mo kọ fọ́ọ̀mù náà bí ẹni ń kéwì. Mo ki ilé iṣẹ́ wa, mo ki ọ̀gá wa, mo ki àwọn ológun. Wọn ò mú wa. Nígbà tí mo pè láti béèrè ìdí, obìnrin tó gbé fóònù fara balẹ̀, ó ní kí n ka ìlànà wa lórí Reserve sí òun létí. Mo kà á: "Òṣìṣẹ́ tó wà ní Reserve lè béèrè fún àyè, ọ̀gá yóò sì wò ó bóyá iṣẹ́ gbà bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ọjọ́ mélòó nìyẹn?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ọjọ́ mélòó ni "bóyá iṣẹ́ gbà bẹ́ẹ̀"?

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Fàdákà ń béèrè ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, láfikún sí líìfù tí òṣìṣẹ́ ní tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pẹ̀lú owó, ó lè jẹ́ láìsí owó, àmọ́ wọ́n fẹ́ kó má pa òṣìṣẹ́ náà lára tó bá ṣeé ṣe. Ẹ wò ó báyìí: ọmọ Army Reserve tó wà ní ẹgbẹ́ àdúgbò máa ń fún wọn ní nǹkan bí ọjọ́ 27 lọ́dún. Alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ wà níbẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó kù ni kám̀pù ọ̀sẹ̀ méjì. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ò kàn wá. Kám̀pù yẹn nìkan ló ń jẹ ọjọ́ iṣẹ́ wa, ọjọ́ mẹ́wàá sì ni. Tẹ́ ẹ bá fún un ní márùn-ún, ẹ ti gbé ìdajì ẹrù náà.

Ọ̀gá wa bi mí pé èló ni. Mo yí àpò lẹ́tà kan padà, mo ṣírò ọjọ́ márùn-ún owó ọmọ náà sẹ́yìn ẹ̀. Ó wò ó, ó ní, "Ìyẹn nìkan?" Àṣé ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí kọ́ ni kám̀pù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí wọ́n pe ọmọ náà sójú ogun fún bí ọdún kan, kí ẹ̀rọ máa wò wá níran.

Nítorí náà, mo jókòó, mo ka òfin. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé, kẹ́ ẹ lè sọ ọ́ fún ọ̀gá tiyín náà. Tí wọ́n bá pe ọmọ Reserve, ìjọba ló ń san owó oṣù rẹ̀, ẹ̀yin ò ní san án mọ́ títí yóò fi dé. Tí ẹni tẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀ bá gbówó lé yín lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè béèrè ìyàtọ̀ náà padà, tó lè tó £110 lóòjọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké lè gba £500 lóṣù lé e tí òṣìṣẹ́ náà bá jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́. Tí àkókò náà bá máa dá iṣẹ́ yín rú pátápátá, ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n sún un síwájú tàbí kí wọ́n dá a sí, àmọ́ láàárín ọjọ́ méje tẹ́ ẹ gba ìwé ìpè ni o. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lé e. Òfin ọdún 1985 ló dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, tó bá dé, tó sì kọ̀wé béèrè kó tó kọjá Monday kẹta lẹ́yìn ọjọ́ tó parí iṣẹ́ ológun náà, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á padà.

Kò dìgbà tí wọ́n bá ti pe ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gba fàdákà. Tẹ́ ẹ bá ti ní ètò nílẹ̀ fún un, ó tó. Ètò tiwa ò ju pé a kọ́ àwọn méjì míì ní ẹ̀rọ tí ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ń lò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìsàn dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ètò tá a ṣe nítorí ogun ló sì gbà wá.

Ìlànà tuntun tá a kọ nìyí: "Òṣìṣẹ́ tó wà ní Reserve yóò gba ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú owó lọ́dọọdún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, láfikún sí líìfù rẹ̀. Kí ó fi déètì kám̀pù rẹ̀ tó wa létí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú." Ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Kò sí "bóyá" níbẹ̀ mọ́, kò sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún líìfù tó kù sọ́wọ́ ọmọ náà lọ́dún yẹn, Margate ló gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní òjò pa wọ́n.

Ìlànà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kì í ṣe ìlànà

Wọ́n máa béèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Mo rò pé tiwa mọ̀, ó ṣe tán ímeèlì ni mo fi ránṣẹ́. Mo wá bi bàbá Royal Engineers yẹn. "Ìlànà wo?" ló sọ fún mi. Kì í ka ímeèlì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kì í kà á. Ni mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi kẹ́tù tá a fi ń se omi tíì, níbi tí kò sẹ́ni tí kì í dúró fún ìṣẹ́jú méjì lóòjọ́. Mo fi sínú ìwé tí a ń fún òṣìṣẹ́ tuntun náà. Mo ya fọ́tò ògiri yẹn, kẹ́tù wà nínú fọ́tò náà, a sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gbígbani síṣẹ́. Ẹ fi gbólóhùn kan sínú ìpolówó iṣẹ́ yín pé ẹ fẹ́ kí àwọn tó ti ṣe ológun rí wá. Tiwa sọ pé ẹni tó ti ṣe ológun rí, tó sì ní ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè, a máa pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. A ò ṣèlérí iṣẹ́ o, ìjókòó la ṣèlérí.

Ẹ ra fáìlì kan, ẹ máa kó gbogbo ẹ̀ sínú rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ìpolówó iṣẹ́ pẹ̀lú déètì, ìwé líìfù tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, fọ́tò ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe nǹkan fún Armed Forces Day ní ìparí oṣù June, lẹ́tà ìdúpẹ́ tó bá wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ṣọ́jà òṣìṣẹ́ yín. Tó bá di ọjọ́ fọ́ọ̀mù, ẹ ò ní máa fọwọ́ họ orí. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo kọ pé "a nífẹ̀ẹ́ àwọn ológun wa gidigidi." Lọ́dún kejì, mo kọ pé ẹnì kan gba ọjọ́ márùn-ún, pé a pe àwọn méjì tó ti ṣe ológun wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, a sì gba ọ̀kan, àti pé olùkọ́ cadet wa máa ń tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Thursday. Kò dùn létí, àmọ́ òun ló gbà á fún wa.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò. Ilé iṣẹ́ tí ìròyìn burúkú bá jáde nípa rẹ̀ ò ní rí i gbà. Tẹ́ ẹ bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ ológun, ẹ parí ẹ̀ ná.

Ẹ pe èèyàn

Ẹ má dá kọ fọ́ọ̀mù yìí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní RFCA (Reserve Forces' and Cadets' Association) wà káàkiri Ìlú Ọba, mẹ́tàlá ni wọ́n. South East RFCA ló ni tiwa ní Kent, Greater London RFCA ló ni ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Woolwich. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ pè é kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣí fọ́ọ̀mù àti ìgbà tí wọ́n ń tì í, torí kì í ṣí látoṣù January dé December. Ká ní mo ti pe obìnrin tó bi mí ní "Ọjọ́ mélòó nìyẹn?" kí n tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ni, ì bá ti jẹ́ pé ọdún kan la fi tètè gbà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa, mo wé gèlè. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tí àyà ẹ̀ kún fún mẹ́dàlì bi mí bí gèlè náà ṣe ń dúró láìsí pínnì. Mo ní àṣírí iṣẹ́ ni.

Wúrà

Ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú owó ni wúrà ń béèrè fún ọmọ Reserve. Ìyẹn ò le fún wa, èèyàn kan la ní. Èyí tó le ni pé wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ti máa sọ̀rọ̀ náà fáwọn ẹlòmíì: àwọn tẹ́ ẹ ń rajà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kí nǹkan sì ti ibẹ̀ jáde. Wọ́n tún fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ Career Transition Partnership, tó ń ran àwọn tó ń kúrò níṣẹ́ ológun lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì forúkọ sílẹ̀ ní Forces Families Jobs, tó wà fún ìdílé wọn. Lójú tèmi, ilé iṣẹ́ tí kò bá tíì lo fàdákà fún ọdún kan tàbí méjì, kó fi wúrà sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá sáré lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló máa kún fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Àwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti wúrà jọ. Méjì nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ní ilé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Gillingham ti fọwọ́ sí Covenant, èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Mo kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn àti déètì sínú fáìlì. Tí ẹ̀yin náà bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.

Ọdún márùn-ún ni fàdákà àti wúrà ń lò, lẹ́yìn náà ẹ ó tún fi hàn wọ́n pé ẹ ṣì ń ṣe é. Mo ti fi bírò pupa kọ ọdún tí tiwa máa parí sára fáìlì náà, torí mo ti máa fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì mi ló máa wá a.